Ẹ Wá Gbọ́ Ti Oppong

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fa àpótí yẹn jókòó. Ẹ̀gúsí tí mò ń bó yìí kò ní tán lónìí, ẹnu mi náà kò sì ní sinmi. Ẹni tí kò bá ní nǹkan ṣe, kó bá mi bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ọ̀rọ̀ kan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín láti ọdún 2023, mo sì ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò tán, ó wá ku ẹ̀yin.

Ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún náà? Ta ni yóò gbàgbé! Ọjọ́ kọkànlá oṣù ọ̀hún, Sátidé, la dìbò gómìnà ní Kogi. Gbogbo Kabba gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀. Àwa Òkun, ẹ ṣáà mọ̀ wá: láti 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, a ò tíì fìbò gbé ọmọ wa kan dórí àga gómìnà. Àfi Clarence Olafemi ará Mopa tó fìdí kan àga náà fúngbà díẹ̀ ní 2008, nígbà tí ilé ẹjọ́ fagi lé ìbò, tí wọ́n ní kí olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin máa bá wọn mójú tó ilé. Ẹni tó ń báni mójú tó ilé, ṣé òun ló nilé? Lọ́dún 2023 yìí, tiwa ò tilẹ̀ mọ sí ẹyọ kan. Dino Melaye ti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wà ńbẹ̀, Leke Abejide ará Yàgbà wà ńbẹ̀. Ọmọ méjì, àga kan. Ẹ mọ bí irú ẹ̀ ṣe máa ń rí. Nígbà tó di Sunday, wọ́n kéde Ododo, tí kì í ṣe ọmọ Òkun.

Àdúgbò dákẹ́ bí ilé tí àlejò ti jẹ ẹran ọbẹ̀ tán. Ẹni tó bá tiẹ̀ la ẹnu, "kóòtù" ló ń sọ. Kóòtù lówùúrọ̀, kóòtù lálẹ́. Ọmọ ìpele ìwé kẹta kan lójúlé wa pàdánù eré ayò, ó ní òun ń lọ sí kóòtù.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírédíò, mò ń bó ẹ̀gúsí bí mo ṣe ń bó o yìí. Ẹ mọ Bàbá Onírédíò: rédíò mẹ́wàá lè wà lórí tábìlì wọn, mẹ́sàn-án á dákẹ́, ẹyọ kan tó bá ń sọ̀rọ̀, ti oníbàárà tó ti kú ni. Rédíò olóògbé yìí ló sọ fún wa pé George Weah, ààrẹ Làìbéríà, ti fìdí rẹmi nínú ìbò àtúndì tí wọ́n dì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ti fi fóònù pe Bàbá Joseph Boakai tó nà án, ó kí wọn kú oríire. Wọn ò ì tíì ka ìbò náà tán pátápátá o. Kò tíì sí adájọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí táyà tí wọ́n sun.

Ìyá Alákàrà tó dáná lódìkejì ọ̀nà gbé ṣíbí dúró sínú epo.

"Ó pè wọ́n? Fún kí ni? Ṣé ó jẹ wọ́n lówó ni?"

Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì láti ayébáyé àmọ́ tí kò tíì fẹ̀yìn ti àtúnṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ní ẹ jẹ́ kí òun rán yín létí, Jonathan náà pe Buhari ní 2015. Ìyá Alákàrà ní, "Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn, Tíṣà. Ẹ̀yin gan-an ẹ fi ojoojúmọ́ ayé yín kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ìṣirò." Àkàrà jó lọ́jọ́ náà. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì sanwó.

Ṣé ẹ rí i, mo fẹ́ràn Weah yìí gan-an, èmi tí mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́nà àti pẹ́nárítì. Sójà ló kó o bá mi. Sójà tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó wà lára àwọn ọmọ ogun ECOMOG tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà nígbà ogun. Ẹni tó ń jẹ iyán ló lọ o. Nígbà tó máa dé, ó ní ewé ẹ̀gẹ́ lòun fẹ́ fi jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ewé ẹ̀gẹ́? Ewúrẹ́ mi gan-an ò tíì bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí." Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká. Àwọn àgbà dá sí i, wọ́n ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré kí ilé tòrò. Ó gún ewé náà kúnná, ó da epo pupa sí i, ẹja gbígbẹ, ata. Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn ọmọ lá àwo mọ́. Títí dòní, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ máa gbóòórùn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi í, ó máa ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni.

Kí ni mo ń sọ? Ẹn-ẹ́n, Sójà. Sójà ló sọ fún wa pé ní Monrovia nígbà ogun, ọjọ́ tí Lone Star, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ìbọn a máa sinmi díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Sójà a máa fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Weah, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún fún wọn, kò nílò iyọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1966, ni wọ́n bí i, ọjọ́ òmìnira wa gan-an, bí ẹni pé ó ti mọ̀ pé òun àti Nàìjíríà yóò máa pàdé. Oppong ni wọ́n ń pè é nílé. Ìyá àgbà rẹ̀, Emma Klonjlaleh Brown, ló tọ́ ọ ní Clara Town, àdúgbò àwọn tálákà létí àbàtà ní Monrovia. Kí bọ́ọ̀lù tó gbé e, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń so wáyà ẹni tó ń pè mọ́ ti ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹ fi ti tẹlifóònù yẹn sápò fún mi, mo máa padà gbà á.

Ó gbá bọ́ọ̀lù dé Abidjan, ó dé Yaoundé. Ibẹ̀ ni Claude Le Roy, òyìnbó tó ń kọ́ àwọn Cameroon nígbà náà, ti rí i tó sì sọ fún Arsène Wenger ní Monaco. Ní 1988, Oppong bọ́ sínú òtútù. Wenger di bàbá fún un. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dún 2018 tó ti di ààrẹ, ó pe Wenger àti Le Roy wá sí Monrovia, ó fi oyè tó ga jù lórílẹ̀-èdè rẹ̀ dá wọn lọ́lá? Àwọn kan bú u nítorí ẹ̀. Mi ò bú u ní tèmi. Ẹni tó fún ọ lóúnjẹ lọ́jọ́ òtútù, o ò ní gbàgbé rẹ̀ nítorí o ti ní fìlà.

Láti Monaco ó lọ sí Paris, láti Paris ó lọ sí Milan ní 1995. Ọdún yẹn gan-an làwọn òyìnbó tó ń fún agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní bọ́ọ̀lù oníwúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, Oppong ló wọlé. Ó gba tiwọn, ó gba ti gbogbo àgbáyé, ó gba ti Áfíríkà mọ́ ọn, nínú ọdún kan ṣoṣo! Láti ìgbà náà, ọmọ Áfíríkà mìíràn ò tíì gba bọ́ọ̀lù oníwúrà yẹn.

Àti góòlù Verona! Oṣù kẹsàn-án 1996. Bàbá Onírédíò ló fi ẹ̀gúsí mi júwe rẹ̀ fún mi lórí ọpọ́n. Wọ́n to ẹ̀gúsí mọ́kànlá síbí, mọ́kànlá sọ́hùn-ún, wọ́n mú ọ̀kan tí mi ò tíì bó ṣe Weah, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Verona gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́sẹ̀ Oppong létí ilé tiwọn níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó já ẹni kan, ó já èkejì, àwọn mìíràn rọ̀ mọ́ ọn, ó yí po láàárín wọn, ó bọ́, ó ń lọ, ó rin pápá já láti orí dé ìdí, ó sì ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bàbá Onírédíò ń tì í lọ lórí ọpọ́n, ẹ̀gúsí ń fò sílẹ̀ lápá ọ̀tún, lápá òsì. Nígbà tí wọ́n fi máa "gbá a sáwọ̀n", ìdajì ẹ̀gúsí mi ti wà nínú erùpẹ̀, adìẹ Ìyá Alákàrà sì ti gbé gólì Verona mì.

Àmọ́ o, èyí tí mo fẹ́ràn jù kọ́ nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ogun ń jà nílé, ìjọba ò lówó, ọmọ yìí sì ń fa owó yọ lápò ara ẹ̀, ó ń fi ra jẹ́sì fún Lone Star, ó ń sanwó ọkọ̀ òfurufú, ó ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lówó. Òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ló ń bọ́ agbábọ́ọ̀lù, ó tún ṣe kóòṣì wọn. Báyìí ni Làìbéríà ṣe dé ìdíje Ife Áfíríkà nígbà àkọ́kọ́, ní 1996, ní South Africa. Ọdún 1996 yìí kan náà ló sọ fún oníròyìn pé kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá gba ìlú òun lọ́wọ́ àwọn oníbọn. Àwọn oníbọn gbọ́. Wọ́n fi iná sí ilé rẹ̀ ní Monrovia. Àwa tí àwọn baba ńlá wa sá fún ogun Tápà gun orí òkè, a mọ ohun tí kí ènìyàn máa wo èéfín ilé rẹ̀ lókèèrè ń jẹ́.

Ó kù díẹ̀ kó dé Ife Àgbáyé 2002. Máàkì mẹ́rìndínlógún ni orílẹ̀-èdè kan ní nínú ọ̀wọ́ wọn, Làìbéríà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ bi mí, orílẹ̀-èdè wo? Àwa ni! Àwa Nàìjíríà la dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá rí mi tí mò ń gbè sẹ́yìn Weah, ìtìjú wà níbẹ̀.

UNICEF fi í ṣe aṣojú wọn, ó ń káàkiri nítorí àwọn ọmọdé. Ó sì ti dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ kan sílẹ̀ ní Monrovia láti 1994, Junior Professionals. Òfin ibẹ̀: bí o ò bá lọ síléèwé, o ò ní gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́ iyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an layé ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun ọmọ yìí.

Ní 2005, ogun ti parí, ó ní òun fẹ́ ṣe ààrẹ. Ta ló dojú kọ? Ìyá Ellen Johnson Sirleaf, tí wọ́n kàwé ní Harvard, tí wọ́n ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó kí Oppong tó dàgbà. Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ìwé mélòó ni agbábọ́ọ̀lù kà? Ṣé ó tiẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama? Ìwé ẹ̀rí tó kó jáde wá láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní London, ilé ẹ̀kọ́ tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i ni. Àwọn ọ̀dọ́ Monrovia ní ó mọ̀wé o, kò mọ̀wé o, òun làwọn máa dìbò fún. Òun ló sì ṣáájú nínú ìbò àkọ́kọ́ lóòótọ́! Ìgbà tó di àtúndì ni Ìyá Ellen fi ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbé e ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká máa sọ òótọ́ láàárín ara wa: ṣé ó lè dán irú ẹ̀ wò nílẹ̀ Òkun? Níbi tí ẹni tó ń ta ìgò òfìfo ti ní dígírì! Níbi tí wọ́n ti ń to oyè ìwé sára pátákó òkú ju orúkọ ọmọ lọ! Wọn ò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n á ti ní kó mú sátífíkéètì WAEC ẹ̀ wá.

Ohun tí Oppong wá ṣe ló jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìfẹ́ o. Ògbólógbòó ọkùnrin, tó lówó, tí gbogbo ayé mọ̀, tí ogójì ọdún ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó padà lọ wá ìwé ẹ̀rí girama. Ó gbà á. Kò dúró níbẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì DeVry ní Amẹ́ríkà, ó sì gba dígírì nípa okòwò ní 2011. Ó rán mi létí àbúrò bàbá mi kan tó lọ jókòó ṣe WAEC nígbà tí irun ẹ̀ ti funfun. Agbádá ni wọ́n wọ̀ lọ. Alábòójútó ìdánwò dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ o, sà," ó gbé àga fún wọn síwájú, ó rò pé ìsípẹ́kítọ̀ dé. Bàbá dáhùn, wọ́n jókòó sórí àga náà, ojú ń tì wọ́n láti sọ òótọ́. Ìgbà tí wọ́n ń pín ìbéèrè ni wọ́n nawọ́, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà." Ọmọ wọn obìnrin wà ní àga kẹta lẹ́yìn, ó dorí kodò, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì ló yege. Bàbá fi nǹkan díẹ̀ jù ú lọ nínú Yorùbá, wọn ò sì jẹ́ kó simi títí wọ́n fi sin ín lọ sílé ọkọ.

Weah tún gbìyànjú ní 2011, ó ṣe igbákejì fún Winston Tubman, kò bọ́ sí i. Ní 2014 ó du ipò sẹ́nétọ̀ pẹ̀lú Robert, ọmọ Ìyá Ellen fúnra wọn, ó sì kó ìdá méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ìyá jẹ, ọmọ san án. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2017, ó na Bàbá Boakai, ó di ààrẹ. Wọ́n búra fún un ní January 2018. Láti 1944, wọn ò tíì rí ààrẹ kan tí wọ́n dìbò yàn kó gbé ìjọba fún òmíràn tí wọ́n dìbò yàn láìsí wàhálà. Ó dé orí àga, ó gé ìdámẹ́rin owó oṣù ara ẹ̀ kúrò.

Tíṣà a máa sọ pé àwa náà ní tiwa, Segun Odegbami tí wọ́n ń pè ní Mathematical, tó gbá góòlù méjì wọ àwọ̀n Algeria nígbà tí a gba Ife Áfíríkà ní 1980. Òun náà dá iléèwé eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasimi, òun náà jáde pé òun fẹ́ ṣe gómìnà Ògùn ṣáájú ìbò 2019. Àwọn ará Ògùn pàtẹ́wọ́ fún un bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n sì gbé àga fún ẹlòmíràn. Tiwa ní ẹkùn Kogi West, akọ̀ròyìn kan àti Dino tó ń fi orin dá àwọn ọ̀tá rẹ̀ lóhùn ni wọ́n ń gba àga sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́ ara wọn nígbà kan. Agbábọ́ọ̀lù ò tíì dé ibẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án 2018 ni mo rẹ́rìn-ín débi tí ìhá fi ń dùn mí. Super Eagles lọ bá Làìbéríà gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ ní Monrovia, wọ́n fẹ́ gbé jẹ́sì 14 tí Weah máa ń wọ̀ sí àpótí ìrántí. Ta ló jáde pẹ̀lú 14 lẹ́yìn? Ààrẹ! Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tó ti tóbi díẹ̀. Ó sì gbá a fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹ ro ti àwọn ọmọ wa: ta ni yóò fẹsẹ̀ kọ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè, kó tún retí pé òun á rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀ padà sílé? A na wọ́n 2-1 náà ṣá. Onyekuru gbá ọ̀kan, Simy gbá ọ̀kan. Àwa àti ẹnu ọ̀nà Weah!

Ṣùgbọ́n oṣù yẹn kan náà ni ariwo ta pé owó tuntun tí wọ́n tẹ̀, àpótí ńlá ńlá, bílíọ̀nù lọ́nà mẹ́rìndínlógún owó Làìbéríà, ti dàwátì. Àwọn tó yẹ ìwé wò ní àwọn ò rí ẹ̀rí pé àpótí kankan sọnù, àmọ́ ìṣirò báńkì wọn ò gún. Ọjà wọ́n. Ní June 2019 àwọn èèyàn tú síta. Bí Kòrónà ṣe dé ní 2020, ààrẹ lọ sí ilé ìkọrin, ó kọrin pé kí wọ́n máa fọwọ́. Orin náà dùn, èmi gan-an jó sí i. Ní ìparí 2022, ó wà lókè òkun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n ń bú u nílé. Níbo ló yà sí? Qatar, Ife Àgbáyé tí òun fúnra rẹ̀ ò dé rí. Timothy ọmọ rẹ̀ wọ jẹ́sì Amẹ́ríkà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Wales. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fọwọ́ sáyà: bó bá jẹ́ ọmọ yín, ṣé ẹ máa wà ní ọ́fíìsì?

A jà sí èyí gan-an lọ́jọ́ Ẹtì tí mò ń wí. Tíṣà ní ààrẹ ni, kì í ṣe bàbá ẹnìkan. Bàbá Onírédíò ní òfófó ni ti àpótí owó. Ìyá Alákàrà ló mú wa dákẹ́. Ó ń yọ àkàrà jíjóná, kò tiẹ̀ wò wá.

"Nígbà tó ń fowó ara ẹ̀ ra jẹ́sì, ta ló bi í léèrè rísíìtì? Ó wá dé ibi tí owó kì í ṣe tiẹ̀ mọ́, ó ṣì ń ṣe bí ọ̀gá tó ń náwó fún wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í ṣe akápò ẹgbẹ́."

Kò sẹ́ni tó fèsì, nítorí gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ akápò yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ ká hú u.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò Làìbéríà tán, 50.64 ni Bàbá Boakai ní, Weah ní 49.36. Díẹ̀ báyìí! Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, ọmọ ọmọ wa ni yóò gbọ́ ìdájọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Ìyá Alákàrà tún padà sórí ìbéèrè rẹ̀, ó ní kò tíì sẹ́ni tó dá òun lóhùn: kí ló sún ọkùnrin tó wà lórí àga débi pé ó gbé fóònù, ó pe ẹni tó máa lé e kúrò nílé?

Sójà tó ti jókòó láti àárọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ wá nu ẹnu. Ó ní, "Ìyá, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn ná. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé tẹlifóònù ló ń ṣe kó tó di pé bọ́ọ̀lù dé?"

Ìyá Alákàrà ronú sí i. Ó bu àkàrà mẹ́ta sínú bébà, ó nà án sí Sójà, ó ní kó máa mú un lọ fún ìyàwó rẹ̀, kó fi jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.